Èdè Manx Kò Kú: Àyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Learn Manx

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni ó yẹ kí òun kọ́kọ́ yà sí, kí òun lè fi ojú ara òun rí i bóyá èdè tí ayé ti kéde ikú rẹ̀ kú lóòótọ́, Learn Manx ni n ó darí rẹ̀ sí. Ìkànnì ẹ̀kọ́ èdè ni, ọ̀fẹ́ ni, àjọ Culture Vannin ni ó sì ń bójú tó o. Ìjọba Erékùṣù Man ni ó dá àjọ yìí sílẹ̀ ní 1982, orúkọ mìíràn ni ó sì ń jẹ́ nígbà náà. Erékùṣù náà wà lórí òkun tí ó pín Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níyà, àwọn olùgbé rẹ̀ jẹ́ bíi 84,000, Ellan Vannin sì ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é. Gaelg ni orúkọ èdè wọn lẹ́nu àwọn fúnra wọn. Manx ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ó bá èdè Irish àti Gaelic ti Scotland tan, gẹ́gẹ́ bí Ìṣẹ̀kírì ti bá Yorùbá tan: ẹni tí ó gbọ́ ọ̀kan yóò máa já ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ mú nínú èkejì, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni èdè kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé. Mo ti ń fi Learn Manx kọ́ èdè yìí, mo sì ti lọ sí erékùṣù náà láti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń sọ ọ́, nítorí ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Ohun tí mo fẹ́ díwọ̀n nínú àyẹ̀wò yìí ni bóyá ẹ̀kọ́ náà lè sọ ènìyàn di ẹni tí ń sọ èdè. Ẹ̀kọ́ èdè tí wọ́n pè ní òkú ru ẹrù kan tí ẹ̀kọ́ Faransé tàbí Sípáníìṣì kò rù: bí ẹ̀kọ́ Faransé kan kò bá dára, Faransé yóò ṣì wà lẹ́nu àwọn tí ó ni ín, ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ Manx kò bá dára, àléébù rẹ̀ yóò wọ inú èdè náà lọ, torí àwọn tí ó kọ́ ọ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń sọ ọ́.

Kí a tó lè mọ iyì iṣẹ́ náà, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ ikú èdè yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 1901, ènìyàn 4,419 ni ó sọ pé àwọn gbọ́ Manx. Nígbà tí yóò fi di 1961, 165 péré ni ó kù. Ned Maddrell, apẹja kan ní apá gúúsù erékùṣù náà, ni wọ́n kà sí ẹni ìkẹyìn nínú àwọn tí ó fi èdè náà dàgbà láti ìgbà èwe. Ìdí tí òun fi gbọ́ ọ nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ ọ ni pé ìyá àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀ ni ó tọ́ ọ ní abúlé Cregneash, Gẹ̀ẹ́sì kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ìyá náà lẹ́nu. Maddrell jáde láyé ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, 1974, ní ẹni ọdún 97, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ káàkiri pé èdè Manx ti bá a wọ ilẹ̀ lọ. Ní 2009, àjọ UNESCO náà fọwọ́ sí i: nínú àkójọ rẹ̀ nípa àwọn èdè tí ó wà nínú ewu, ó kọ ọ́ pé Manx ti parun. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé St John's, níbi tí wọ́n ti ń fi Manx kọ́ni, kọ lẹ́tà sí àjọ náà ní èdè Manx, wọ́n sì béèrè pé bí èdè àwọn bá ti parun, èdè wo wá ni àwọn fi ń kọ̀wé yìí. UNESCO yí ìdájọ́ rẹ̀ padà, ó gbé Manx sí ipò àwọn èdè tí wọ́n wà láàyè ṣùgbọ́n tí ewu ńlá ń wu. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èdè Cornish ní ìkangun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé ó kú láti ìgbà tí Dolly Pentreath, tí wọ́n kà sí ẹni ìkẹyìn tí ó fi í dàgbà, ti kú ní 1777.

Ọwọ́ àwọn òbí ni Manx ti bọ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ erékùṣù náà láti Liverpool àti àwọn ìlú ilé-iṣẹ́ ńláńlá, Gẹ̀ẹ́sì di èdè owó, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1872 sì kó àwọn ọmọ jọ sí ilé-ẹ̀kọ́ níbi tí Manx kò ti ní àyè kankan. Àwọn tí ó bí wọn gbọ́ èdè náà dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n gbà lọ́kàn ara wọn pé kò sí ẹni tí yóò fi Manx rí kọ́bọ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbà àti ọ̀rọ̀ àṣírí. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé ó sọ fanákúlà kò nílò kí n ṣàlàyé èyí síwájú sí i.

Ohun tí ó yọ èdè náà ni pé àwọn kan kò dúró de ọjọ́ ìsìnkú. Ẹgbẹ́ Yn Çheshaght Ghailckagh, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1899 fún ìtọ́jú èdè Manx, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Carl Marstrander, ọ̀mọ̀wé ará Norway, wá gba ohùn sílẹ̀ láàárín 1929 sí 1933. Ní 1947, Éamon de Valera, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Ireland, ṣe àbẹ̀wò sí erékùṣù náà, ó sì bá Ned Maddrell sọ̀rọ̀, ẹnì kìíní ń sọ Irish, ẹnì kejì ń dáhùn ní Manx. Nígbà tí ó gbọ́ pé àwọn ará erékùṣù kò ní ẹ̀rọ tí ó dára, ó mú kí àjọ ìtàn àbáláyé ti Ireland rán Kevin Danaher pẹ̀lú ọkọ̀ tí ẹ̀rọ ìgbohùn wà nínú rẹ̀ wá ní 1948. Láàárín ọdún wọ̀nyí kan náà, àwọn ọ̀dọ́ bíi Doug Fargher, Walter Clarke, Leslie Quirk àti Bill Radcliffe ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń jókòó ti àwọn arúgbó lẹ́bàá iná, wọ́n ń kọ́ èdè náà lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ka ìtàn pé Manx kú ní 1974, ẹ rántí pé nígbà tí Maddrell ń kú, àwọn tí ó kọ́ èdè lọ́dọ̀ rẹ̀ wà láyé, wọ́n sì ń sọ ọ́. Fargher tẹ ìwé atúmọ̀ èdè ńlá jáde ní 1979. Okùn náà tín-ínrín gan-an, ṣùgbọ́n kò já.

Iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni Learn Manx jókòó lé. Bí ènìyàn bá ṣí i, yóò rí ẹ̀kọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ohunkóhun rí, ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ó ti mọ díẹ̀, ohun èlò fún àwọn ọmọdé, fídíò, àti ohùn tí ènìyàn lè máa gbọ́ nígbà tí ó bá ń rìn tàbí tí ó ń ṣe iṣẹ́ ilé. Ìkíni ni ibi tí mo gbà pé ó yẹ kí Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀, torí níbẹ̀ ni ara rẹ̀ yóò ti kọ́kọ́ yá. Moghrey mie ni ẹ káàárọ̀, fastyr mie ni wọ́n ń kí ara wọn bí oòrùn bá ti yẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, oie vie ni ó dàárọ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò ní gura mie ayd. Bí ó bá jẹ́ àgbà tàbí ọ̀pọ̀ ènìyàn, yóò ní gura mie eu. Ọmọ Yorùbá tí ó ti mọ̀ pé a kì í sọ pé "o ṣé" fún ẹni tí ó ju ni lọ kò ní bá èyí jìjàkadì, nígbà tí mo rí i pé àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n gbọ́ máa ń gbàgbé rẹ̀ nígbà gbogbo.

Oríire mìíràn tún wà fún wa nínú gírámà rẹ̀. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ gẹ́gẹ́ bí ti Yorùbá: thie mooar ni ilé ńlá, moddey doo sì ni ajá dúdú, ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ipò rẹ̀. Ibi tí inú mi dùn sí jù ni òǹkà. Ogún ogún ni Manx àtijọ́ fi ń kà, bí àwa náà ti ń kà á. Feed ni ogún; daeed, tí ó túmọ̀ sí ogún méjì, ni ogójì; tree feed, ogún mẹ́ta, ni ọgọ́ta; kiare feed, ogún mẹ́rin, ni ọgọ́rin. Níbi tí a ti yà ni àárín ogún méjì: Manx yóò fi mẹ́wàá kún ogójì kí ó tó di àádọ́ta, nígbà tí Yorùbá yóò yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta. Èmi tí mo dàgbà pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní ilé, tí ó sì máa ń gbà wá níyànjú pé kí a má ṣe jẹ́ kí òǹkà Yorùbá sọnù, mo rí i pé òǹkà Manx náà wà nínú ewu kan náà, torí ìṣirò mẹ́wàá mẹ́wàá ti ń gba ipò rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ó dára púpọ̀ pé ẹni tí ń kọ́ èdè náà lónìí ṣì lè bá òǹkà àtijọ́ pàdé.

Ibi tí ọ̀nà ti gun òkè ni ìyípadà tí ń bá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ben ni obìnrin, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ pé "obìnrin náà", yóò di yn ven. Braar ni arákùnrin, àmọ́ my vraar ni arákùnrin mi. Thie ni ilé, my hie sì ni ilé mi. Ẹni tí ó bá wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé atúmọ̀ èdè gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ́ ọ lè wá a títí kò ní rí i, nítorí pé lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti pa dà. Ẹ̀kọ́ Learn Manx kì í kó gbogbo òfin yìí lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí lẹ́ẹ̀kan. Gbólóhùn tí ènìyàn lè lò lójú ẹsẹ̀ ni ó máa ń fi ṣáájú, etí yóò sì ti mọ ìyípadà náà kí orí tó béèrè ìdí rẹ̀. Mo fara mọ́ ọ̀nà yìí pátápátá. Bí ọmọ ṣe ń kọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ Yorùbá nìyẹn, kò sí ẹni tí ó fi àmì ohùn hàn án kí ó tó mọ ìyàtọ̀ ọkọ̀ àti ọkọ́.

Àkọtọ́ Manx ni ohun tí ó fún mi ní wàhálà jù, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó ṣe ẹ̀kọ́ náà. Irish àti Gaelic ti Scotland ní àkọtọ́ àtijọ́ tí wọ́n pín lò, ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà tí ó kọ́kọ́ kọ Manx sílẹ̀ tẹ̀lé ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà kan náà sì lè ní ìró púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kà kí ó tó gbọ́ yóò pe ọ̀rọ̀ bí ará Lọ́ńdọ́nù. Ìmọ̀ràn mi ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kí ó máa fi etí nìkan kọ́ ọ. Àkọtọ́ yìí kan náà ni a sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí òun ni wọ́n fi tẹ ìwé àkọ́kọ́ ní èdè náà ní 1707, òun ni wọ́n sì fi tẹ Bíbélì Manx lódindi láàárín àwọn ọdún 1770, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú kí Bíbélì Yorùbá tó pé. Nígbà tí àwọn àgbà tí ń sọ̀rọ̀ ti ń tán, Bíbélì náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń ṣí láti mọ bí gbólóhùn ṣe ń lọ.

Mo ní ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń gbèrò láti lo ẹ̀kọ́ yìí mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé. Yorùbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kò ní rí ọ̀nà wọlé. Èyí kò yà mí lẹ́nu, torí àwọn ará erékùṣù náà ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá kí ó tó dé inú Manx, ó sì yẹ kí ó tètè já ara rẹ̀ gbà nípa gbígbọ́ ohùn tí kò ní ìtumọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí a ń gbọ́ ohùn wọn nínú ẹ̀kọ́ òde òní kọ́ Manx lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti jókòó sí wọn lẹ́nu, tàbí kí ó jẹ́ pé ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbà á. Bí ènìyàn bá gbọ́ ohùn Ned Maddrell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ohùn ọdún 1948, tí Manx National Heritage, àjọ tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé erékùṣù náà, tọ́jú, yóò gbọ́ ìyàtọ̀: ọ̀rọ̀ ń so kọ́ ara wọn, àwọn ìró kan ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun jáde, ìsáré ọ̀rọ̀ náà kò sì jọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ń fi èyí sọ pé ohun tí wọ́n ń sọ lónìí kì í ṣe Manx mọ́. Mi ò gbà. Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Èkó lónìí kò rí bí èyí tí Àjàyí Crowther gbọ́ ní Òṣogùn nígbà èwe rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé tiwa ti kú. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́ Manx láìfetí sí àwọn àgbà wọ̀nyẹn ti fi ohun iyebíye sílẹ̀, ojúṣe akẹ́kọ̀ọ́ sì ni láti máa fi ohùn ìgbàanì àti ẹ̀kọ́ òde òní rìn pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé ìkànnì kò lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo mọ gbólóhùn tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi mí ní ìbéèrè tí kò sí nínú ẹ̀kọ́, ahọ́n mi yóò dúró. Mo san owó fún ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń polówó ẹ̀kọ́ àwọn èdè kéékèèké, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí pé gbólóhùn àwọn arìnrìn-àjò nípa ilé ìtura àti káàdì ìsanwó ni ó kún inú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè iyàrá ilé ìtura ní Manx. Èyí tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni ẹ̀kọ́ Manx ti SaySomethingin, tí àwọn ará Wales bẹ̀rẹ̀ fún èdè Welsh, torí ó máa ń fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ láti tún gbólóhùn tò fúnra rẹ̀ kí àkókò tó pé. Ẹni tí ó bá lo méjèèjì pọ̀ yóò jèrè ju ẹni tí ó lo ọ̀kan lọ. Ní ti ẹ̀rọ ìtumọ̀, Google fi Manx kún tirẹ̀ ní oṣù Kẹfà, 2024, ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n fi èdè Fon ti ilẹ̀ Benin kún un. Ó wúlò láti mọ ohun tí ìwé kan ń sọ, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi í kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ṣé Manx wà láàyè, àbí àwọn olùfẹ́ èdè kan ń ṣeré ni? Ìbéèrè tí gbogbo ẹni tí mo sọ fún pé mò ń kọ́ ọ máa ń bi mí nìyí, ó sì tọ́ kí a fi òótọ́ dáhùn. Ìwọ̀n kan wà nítòsí wa. Ní Cuba, Lukumí, tí ó ti inú Yorùbá jáde, ṣì wà nínú orin òrìṣà àti nínú àdúrà, àwọn tí ń lò ó sì ń tọ́jú rẹ̀ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé tí ń fi í tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ní Erékùṣù Man, ilé-ẹ̀kọ́ Bunscoill Ghaelgagh, ti àwọn ọmọ tí ó kọ lẹ́tà sí UNESCO, ti wà láti 2001, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi Manx kọ́ ìṣirò, tí wọ́n ń fi í jà sí bọ́ọ̀lù ní àkókò eré, tí wọ́n sì ń fi í parí ìjà náà. Àwọn ìdílé díẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé Manx ni òbí ń bá ọmọ sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, èyí sì túmọ̀ sí pé àwọn tí Manx jẹ́ èdè àkọ́kọ́ lẹ́nu wọn ti tún wà láyé lẹ́yìn Maddrell. Ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè náà jáde ní 2006. Orúkọ òpópónà wà ní èdè méjèèjì káàkiri erékùṣù náà. Ìkànìyàn ọdún 2011 rí ènìyàn 1,823 tí ó gbọ́ ọ, tí ó lè kà á tàbí tí ó lè kọ ọ́, ìlànà tí wọ́n sì gbé kalẹ̀ fún 2022 sí 2032 ń lépa 5,000. Ikú tí ó fẹ́ pani, bí ó bá ṣí ni ní fìlà, ọpẹ́ ni à á dú.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun tí ó ṣòro mọ́lẹ̀. Nínú àwọn 1,823 yẹn, ọ̀pọ̀ ni kò lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láìyà sínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ tí ó jáde ní Bunscoill máa ń bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba gbogbo ilẹ̀, àfi iṣẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ṣì ń fi Manx kọ́ ní Queen Elizabeth II High School ní ìlú Peel. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí kò bá rí ibi tí yóò ti lo èdè kan pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbé e sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n tó. Learn Manx kò lè yanjú ìyẹn, ìjọba ni ó lè yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè fún òbí tí kò gbọ́ èdè náà ní ohun tí yóò fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé. Lójú tèmi, àwọn òbí wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ náà ṣe pàtàkì fún jù, ju àwa àlejò tí ìfẹ́ èdè ń gbé kiri lọ.

Nǹkan kan wà tí ó ń dùn mí bí mo ti ń lo ẹ̀kọ́ yìí, mo sì rò pé àwa Yorùbá ni ó yẹ kí a gbọ́ ọ. A máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Yorùbá ni èdè tí wọ́n ń fi ìyà jẹ, ó sì rí bẹ́ẹ̀ níwájú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ìlú wà tí ó jẹ́ pé Akpes tàbí Ukaan ni èdè àwọn baba ńlá wọn, ní Ògóri àti Magongo ní ìpínlẹ̀ Kogi ni wọ́n sì ti ń sọ èdè Ọ̀kọ́, èdè tí kì í ṣe Yorùbá rárá. Níwájú àwọn èdè wọ̀nyí, Yorùbá ni èdè ọjà, èdè ṣọ́ọ̀ṣì àti èdè ilé-ẹ̀kọ́. Yorùbá ni ó wà ní ipò tí Gẹ̀ẹ́sì wà ní Erékùṣù Man. Àwọn tí ó fi èdè wọ̀nyí dàgbà ṣì wà láyé lónìí, wọ́n sì pọ̀ ju ẹni tí ó kù ní Cregneash lọ. Fóònù tí ó wà lápò ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ní Ajọwá tàbí Ògóri ń gba ohùn dáadáa ju gbogbo ẹrù tí Kevin Danaher kó sínú ọkọ̀ ní 1948. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wo Learn Manx dáadáa, kí wọ́n wo bí ẹ̀kọ́, ohùn àgbà àti ohun èlò ọmọdé ṣe lè wà ní ọ̀dọ̀ àjọ kan ṣoṣo, lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: lọ sí learnmanx.com, mú àwọn ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, máa gbọ́ wọn lójoojúmọ́ ní ìwọ̀nba, má sì kọ ohunkóhun sílẹ̀ títí ìkíni àti òǹkà yóò fi yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni kí o fi SaySomethingin kún un, kí o sì wá ohùn àwọn àgbà lọ́dọ̀ Manx National Heritage. Bí o bá ti mọ èdè Irish díẹ̀, ìwọ yóò sáré, ṣùgbọ́n àkọtọ́ yóò kọ́kọ́ dà ọ́ láàmú. Bí ó bá jẹ́ ìwé-ẹ̀rí tàbí iṣẹ́ ni o ń wá, ẹ̀kọ́ yìí kò ní fún ọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ èdè náà ní gbangba níbi tí ó ti ní ọlá ìjọba lè lọ sí St John's ní ọjọ́ Tynwald, ìyẹn ọjọ́ ilé aṣòfin erékùṣù náà, tí ó sábà máa ń bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù Keje, nígbà tí wọ́n máa ń kéde àwọn òfin tuntun ní Manx àti ní Gẹ̀ẹ́sì lórí òkìtì ìgbàanì tí gbogbo ará ìlú máa ń yí ká. Ọkọ̀ ojú omi máa ń lọ láti Liverpool àti Heysham sí Douglas, ó sì dára kí ènìyàn tètè gba ibùsùn sílẹ̀, torí ọjọ́ ìsinmi ni fún gbogbo erékùṣù náà.